Marina wo, Alábà wo? Bí a ṣe ti Àgbádárìgì wọ rélùwéè dé Ìbàdàn

Tí ará Àgbádárìgì bá ní òun ń lọ Marina, ẹ kọ́kọ́ bi í pé Marina wo. Tiwa wà létí ọ̀sà níbí, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, ti Èkó ló wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbi tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń parí sí. Mo ń sọ èyí torí pé nígbà tí mò ń ṣètò bí èmi àti màmá mi ṣe máa fi rélùwéè lọ Ìbàdàn fún ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn, orúkọ stéṣọ̀n gan-an ló gba àkókò mi jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Rélùwéè ò dé ọ̀dọ̀ wa. Blue Line tí wọ́n ṣètò pé kó dé Òkókómáíkò, Mile 2 ló ń dúró nígbà tá a lọ, torí náà ìdájí la ti wọ bọ́ọ̀sì ní Roundabout, ẹni tó bá mọ gosiló Ìyànà-Ìbà á mọ ìdí ẹ̀. Ọkọ̀ iná mànàmáná ni Blue Line, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò ní September 2023, stéṣọ̀n márùn-ún ló sì ní: Mile 2, Sùúrù-Alábà, Orílé, National Theatre àti Marina. Márùn-ún péré yìí náà, ẹ wo wàhálà tó wà nínú ẹ̀.

A ń lọ wọkọ̀ ní Mile 2 ni bàbá kan tó ti Fẹ́sìtáàkì bọ̀, tó gbé tẹlifíṣọ̀n tó fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì wé máyà, bi màmá mi pé ṣé tíréènì yìí ló ń lọ Alábà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Alábà wo lẹ̀ ń lọ?” Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni. Mo ní áà, bàbá, Sùúrù-Alábà ni tíréènì yìí máa dúró, Alábà International tẹ́ ẹ̀ ń wá wà ní Ọ̀jọ́, ọ̀nà Àgbádárìgì tá a ti ń bọ̀ yẹn ni. Wọ́n ní ẹni tó júwe fún àwọn ò sọ ju Alábà lọ. Màmá mi ò jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ àfìgbà tí mo bá wọn gbé ẹrù wọn wọ dánfó tó ń lọ Ọ̀jọ́, tí mo tún sọ fún kọ́ńdọ́ pé kó já wọn sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Orílé o, Orílé-Ìgànmú ni ti Blue Line, ẹni tó bá ń lọ Orílé-Agége, Red Line tó ń rìn láti Agbádó dé Òyìngbò ló máa wọ̀, kó sì sọ̀ ní Agége.

Red Line ò dé Marina, Blue Line náà ò dé Òyìngbò, ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń ṣètò. National Theatre la sọ̀ ní tiwa, a fi fóònù pe táksí lọ sí Alágomèjì ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra. Káàdì Cowry tẹ́ ẹ fi wọ Blue Line ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni, mo ti ra tiwa sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tíkẹ́ẹ̀tì yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 2020 ni ìjọba fi orúkọ èèyàn ńláńlá sọ àwọn stéṣọ̀n ojú irin tuntun tó ti Èkó lọ Ìbàdàn yìí, kí wọ́n tó ṣí i ní June 2021. Èbúté Mẹ́ta di Mobolaji Johnson, Agége di Babatunde Fashola, Agbádó di Lateef Jakande, Abẹ́òkúta di Wole Soyinka, Ìbàdàn di Obafemi Awolowo. Inú mi dùn sí bí wọ́n ṣe bọlá fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ Jákáńdè ní Ìsọlọ̀ tàbí Lẹ́kkí tó wá rí Jakande lórí tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n máa kọ orúkọ àdúgbò gàdàgbà mọ́ ọn, kí ìyá arúgbó tó ń dá rìn lè mọ ibi tó ń lọ.

Mo pe àǹtí mi ní Ìbàdàn láti sọ ìgbà tá a máa dé, wọ́n ní, “Kò burú, màá ti dúró dè yín ní Dùgbẹ̀.” Mo ní, “Àǹtí, ẹ má lọ Dùgbẹ̀ o! Mọ́níyà ni Awolowo tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yìí.” Wọn ò kọ́kọ́ gbà, torí Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ rélùwéè látìgbà èwe wọn, ojú irin àtijọ́ tó ti dé Ìbàdàn láti 1901 nìyẹn, irin ẹ̀ fún ju tuntun lọ, ọkọ̀ tuntun ò lè gun orí ẹ̀. Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, “Àbúrò mi, gbọ́ tọmọ yìí jàre, Mọ́níyà ni.”

Ìrìn náà tura, kìlómítà 157 ni, ó gbà wá bíi wákàtí méjì ààbọ̀, màmá mi ò sùn rárá, ojú fèrèsé ni wọ́n wà. Mọ́níyà jìn sígboro o, ẹni tí ò bá ní ẹni tó máa wá gbé e, kó wọ táksí Micra dé Òjòó, ibẹ̀ ló ti máa rí ọkọ̀ Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀.

Abẹ́òkúta ló kàn, màmá mi ti ń bèèrè. Ládẹ̀rìn ni stéṣọ̀n tuntun wà níbẹ̀, ti àtijọ́ wà ní Láfẹ́nwá, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹbí tó máa wá pàdé wa.