Ohun tí iye tó kọjá 100 kọ́ mi nípa jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀kọ́ ọmọdé, Ìkòròdú níbí, nílé-ìwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ni mo ti kọ tèmi. Mo fẹ́ fi iye àwọn ọmọ tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ní Nàìjíríà wé ti Gánà láti ọdún 2000 wá. Nígbà tí mo rí i pé ti Gánà kọjá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó tẹ nọ́ńbà náà ló ṣi ìka tẹ̀.

Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ni wọ́n ń kà, ọjọ́ orí yòówù kí wọ́n jẹ́, wọn á wá fi iye àwọn ọmọ ìlú tí ọjọ́ orí wọn bá èyí tí ìjọba là sílẹ̀ mu pín in. Ká ní ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin àti márùn-ún jẹ́ 200 ní àdúgbò kan, tí orúkọ 230 sì wà nínú ìwé ilé-ìwé, 115 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí 60 nínú wọn bá jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́fà, a jẹ́ pé 170 péré nínú 200 ló ti wọlé, ọgbọ̀n ọmọ sì ṣì wà nílé nígbà tí nọ́ńbà ń sọ pé ilé-ìwé kún àkúnwọ́sílẹ̀.

N kò ní láti rìn jìnnà kí n tó gbà á gbọ́. Orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń lò ó: ìyá tó gbọ́dọ̀ tètè dé ọjà Sábọ̀ kò ní dúró dìgbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rin, nítorí náà ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀ máa ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ kíláàsì wa, orúkọ àwọn méjèèjì á sì wọ ìwé. Ní ìdà kejì, ilé-ìwé aládàáni tí ìjọba kò tíì fọwọ́ sí lè má sí nínú iye tí wọ́n kà rárá. Iye tí a rí nínú ìwé ilé-ìwé kì í sábà bá èyí tí a rí nígbà tí a bá ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé dọ́gba, ẹ má sì ṣe gba ti orílẹ̀-èdè kan láti ibi kan kí ẹ lọ gba ti èkejì láti ibòmíràn.

Ìlànà orílẹ̀-èdè méjèèjì pẹ̀lú yàtọ̀. Ní 2007, Gánà sọ ọdún méjì ní jẹ́lé-ó-sinmi, fún ọlọ́dún mẹ́rin àti márùn-ún, di ara ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 2013 fi ọdún kan péré, fún ọlọ́dún márùn-ún, kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Gánà ka ènìyàn ní 2000, 2010 àti 2021, ṣùgbọ́n ìkànìyàn Nàìjíríà ti 2006 ni a ṣì ń gùn lé láti fojú díwọ̀n iye àwọn ọmọ wa.

Èyí tó dójú tì mí jù ni ti àwòrán onílà tí mo fi hàn bí iye náà ṣe ń lọ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ní nọ́ńbà ní ti Nàìjíríà. Mo fi rúlà so ibi tó já pọ̀, mo sì kọ ọ́ pé iye náà ń gòkè lọ́dọọdún. Alábòójútó mi fi bírò tọ́ka sí ìlà náà, ó ní, “Ta ló bá ọ ka àwọn ọmọ wọ̀nyí?” Mo pa ìlà náà rẹ́. Orí tí mo fi ṣàlàyé àlàfo tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló wá gùn jù lọ nínú iṣẹ́ náà.