Báǹdì tí ò ní trumpet kankan

Ẹ wò ó, èmi tí mo dàgbà sídìí àwọn afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé kò sí fèrè onídẹ tí mi ò mọ̀. Àfi ìgbà tí mo lọ wo Whit Friday ní Saddleworth, ní England níbí, ìyẹn Friday tó tẹ̀lé Sunday Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn brass band, ìyẹn báǹdì onífèrè onídẹ, máa ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíì, wọ́n á fi orin rìn wọlé, wọ́n á dúró fun òmíì fún adájọ́ ìdíje tó jókòó síbi tí ò ti lè rí wọn, wọ́n á tún sáré wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo o!

Ní Delph, ọ̀kan nínú àwọn abúlé yẹn, ni mo dúró sí. Báǹdì kan kọjá, mo bá sọ fún bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé àwọn onítrumpet yìí mà mọṣẹ́ o. Bàbá wò mí bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ọmọ aládùúgbò pe ọmọ ẹ̀. Ó ní kí n tún wò ó dáadáa.

Cornet ni! Ó dà bíi trumpet tí wọ́n ká jọ, ihò inú ẹ̀ ló ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìyẹn ni ohùn ẹ̀ fi tutù tí ò gún èèyàn létí. Mẹ́wàá ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, soprano, kéré ju àwọn yòókù lọ, òun ló ń ké lókè réré, tó bá ṣi ohùn, gbogbo abúlé ló gbọ́, mi ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé. Flugelhorn kan, tenor horn mẹ́ta, baritone méjì, euphonium méjì (ojú wọn jọra, àmọ́ euphonium ló sanra), trombone mẹ́ta, bass mẹ́rin (àwọn fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀), ó di 25, ká tó ka àwọn onílù. Tí wọ́n bá ń rìn, iwájú làwọn onítrombone sábà máa ń wà kí irin tí wọ́n ń fà má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Tenor horn lèmi fẹ́ràn jù. Ọmọbìnrin kan gbé tiẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun, ẹnu fèrè náà kọjú sókè, nígbà tí wọ́n dúró ó tẹ irin kékeré kan, ó fẹ́ ẹ fíì, omi inú ẹ̀ ń kán tọ́ tọ́ tọ́ sójú títì, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé yàtọ̀ sí bass trombone àtàwọn onílù, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà ka orin. Ẹni tó mọ cornet, tí àyè bass bá ṣófo, ìka tó ti mọ̀ náà ló máa fi tẹ̀ ẹ́, ètè ló kù tó máa kọ́. Ìyẹn wúlò fún báǹdì àwọn òṣìṣẹ́ o jàre, nítorí lẹ́nu iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀: Black Dyke ní Queensbury, ọdún 1855, ilé iṣẹ́ aṣọ ni, Grimethorpe, 1917, àwọn awakùsà èédú. Wọ́n ti kúsà yẹn pa ní 1993, báǹdì ṣì ń fun tiẹ̀.

Báǹdì míì tún yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka cornet wọn. Mo kà á dé mẹ́jọ, òjò dé.