Àwọn Wọ̀nyí Ń Wá Kòtò Kiri

Sátidé, alẹ́.

"Àwọn wọ̀nyí ń wá kòtò kiri, àwa ń wá ọ̀nà."

Ọlọ́kadà kan ló sọ ọ́, kì í sì ṣe àwa ló ń bá wí. Ìyá àgbà tó gbé sẹ́yìn tòun ti ẹrù ẹ̀gẹ́ ló ń sọ ọ́ fún. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ò ti kúrò létí mi.

A lọ sí Erédò, yàrà ńlá àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a sì ti dé. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn ọmọ ṣe wo fídíò àfonífojì aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà tó. Omi ló gbẹ́ tiwọn, ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ tiwa: nǹkan bí kìlómítà 160 tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibi tó ga jù sì tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé orí odi. Mo fọwọ́ kan ògiri yangí yẹn. Ó tutù bí ìdí àmù, gbòǹgbò igi sì so rọ̀ lára rẹ̀ bí okùn. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ tètè jáde, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ya lulẹ̀. Ní Arizona lọ́dún 1997, àgbàrá pa arìnrìn-àjò 11 nínú àfonífojì tóóró kan, Antelope Canyon, òkè odò lọ́hùn-ún sì ni òjò ọ̀hún ti rọ̀.

Yàrà ni, kì í ṣe kòtò. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́.

Ọ̀nà oko tó wọbẹ̀ ló le. Kí ẹ tó kúrò lórí títì ọlọ́dà, ẹ já afẹ́fẹ́ táyà wálẹ̀ láti gééjì 33 sí 24, kó lè tẹ́ sílẹ̀ kó sì di ilẹ̀ mú. Nínú iyanrìn aṣálẹ̀, wọ́n máa ń já a dé 18, àmọ́ kùkùté pọ̀ nínú ẹrẹ̀ tiwa, kùkùté á sì fa ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá rọ̀ jù ya. Jíà kejì, iná díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró. Tí táyà bá ti ń yí lójú kan, tí ẹ wá ń tẹná sí i, amọ̀ á dí ojú rẹ̀, á máa yọ̀ bí ọṣẹ, ikùn mọ́tò á sì jókòó sórí òkìtì àárín ọ̀nà. Okùn kọ́ ló kàn nígbà yẹn, ṣọ́bìrì ni. Ẹ wa abẹ́ ikùn rẹ̀ kó dá sílẹ̀, ẹ ti pákó méjì sábẹ́ àwọn táyà tó ń fà á, kí ẹnikẹ́ni tó ti ohunkóhun. Ogójì ìṣẹ́jú la lò níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀kadà yẹn ti kọjá lára wa.

Mo kọ́kọ́ bínú. Àwọn tó fi ọkọ́ gbẹ́ Erédò nìyẹn, ọmọ wọn wá ń jẹ́ kí ọ̀nà bàjẹ́? Kò ju kí wọ́n la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí àárín kó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá, omi ò ní dúró mọ́. Omi tó dúró ló ń rọ amọ̀ pupa, táyà á wá máa gbẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni mo ń sọ ọ́ fún? Ìyá tó ń gbé ẹ̀gẹ́ relé? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ fi ń dú. Tí ọ̀nà bá dá a dúró, gaàrì ló lọ yẹn. Gaàrì Ìjẹ̀bú ni a sì mu sùn lálẹ́ yìí.

Àwa ń wá ọ̀nà…

A fún táyà látẹ́gùn padà kí a tó gun ọ̀dà, torí táyà tó rọ̀ á gbóná tí eré bá pọ̀, á sì bẹ́. Àwọn ọmọ sùn lọ kí a tó dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Pákó méjèèjì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kó wọn, mi ò kó wọn. Bí òjò ò bá wọ́ wọn lọ, ọ̀kadà á rí wọn gùn kọjá lọ́la. Pákó méjì péré, àbí kí ni mo tún…