Ẹ wọn wáyà kí ẹ tó ra ọkọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí jíìpù oníná méjì

Oṣù mẹ́rin gbáko ni èmi àti ọkọ mi fi ja ìjà Tesla Model Y àti Hyundai Ioniq 5 nínú ilé wa. Òun ni agbẹjọ́rò Tesla, èmi ni ti Hyundai. Lórí ibùsùn, lórí ìdúró, nígbà tí ọmọ ń sunkún lọ́wọ́, a ó ṣì máa ka nọ́ńbà síra wa létí. Ó ti há ìṣẹ́jú àáyá tí Model Y fi ń sáré dé 100 kìlómítà sórí bí ẹni kọ́ ewì. Èmi náà ti há ìṣẹ́jú 18 sórí, èyí tí Hyundai ní Ioniq 5 fi ń ṣáàjì láti 10% dé 80%. Ọjọ́ tí a wá gbé ọkọ̀ méjèèjì wálé láti dán wọn wò, kò sí èyí tó dá ẹjọ́ nínú gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Wáyà ló dá a.

Ara ògiri ọ̀tún ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbi tí a máa ń gbé ọkọ̀ sí, ó sún mọ́ iwájú, níbi tí imú ọkọ̀ máa ń dé. Ẹ̀yìn lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀yìn, ni ihò ṣáàjì Model Y wà. Ti Ioniq 5, ẹ̀yìn náà ni, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni. Wáyà mítà 5 ló wà lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi wa Model Y wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó fa wáyà gba ẹ̀yìn búùtù, ó na apá, ó tún na apá, ó ku bí ìka mẹ́rin kó dé ihò. Ó ní kò burú, a ó kàn máa fi ẹ̀yìn wọlé ni. Mo bi í pé àwa wo? Èmi ni mo ń dé lálẹ́, èmi ni ọmọ máa ń sùn sí lẹ́yìn ọkọ̀, òjò sì lè máa rọ̀. Ó wo ògiri, ó wo wáyà, ó dákẹ́.

Mi ò sọ pé Model Y kò dára o. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín bá wà lápá òsì, ẹjọ́ yí padà bìrí, Ioniq 5 ni yóò máa na apá. Wáyà tó gùn ju tiwa lọ náà wà lọ́jà, ẹni tó bá fẹ́ lè rà á. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo ohun tí mo kà, tí mo sì wò fún oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ní kí n mú téèpù kí n wọn ògiri ara mi.

Ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìrònú yín. Ẹ jẹ́ kí n fi àmù ṣàpèjúwe rẹ̀. kWh ni bí àmù ṣe tóbi tó, kW ni bí omi ṣe ń ya wọ inú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lásán, tó jẹ́ 230 fólítì, tó ń gbé áńpíà 10, kò lè fún yín ju 2.3 kW lọ. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ sí i fún wákàtí 10 mọ́jú, nǹkan bíi 23 kWh ni, díẹ̀ yóò sì ṣòfò lọ́nà. Ìyẹn ṣì tó rin 100 kìlómítà. Ẹni tí kò rìn ju 50 lójúmọ́, kí ló tún ń wá? Bí ẹ bá rí i pé kò ní tó, tí ẹ sì ní kí oníṣẹ́ iná bá yín fi ṣájà 7 kW sára ògiri, bátìrì 77.4 kWh bíi ti Ioniq 5 tí mo wò yóò kún láti òdo láàárín wákàtí 11 sí 12. Nínú ilé, lóru, ọkọ̀ méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Ìyẹn ni pé gbogbo ariwo ìṣẹ́jú 18 tí mo ń pa, ọjọ́ ìrìn àjò nìkan ló kàn.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò yẹn, òótọ́ ni Ioniq 5 ń wí. 800 fólítì ni iná inú rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́, ti Model Y sì jẹ́ nǹkan bíi 400. Bí iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá bá dọ́gba, èyí tí fólítì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ni agbára tó pọ̀ ní ìlọ́po méjì yóò wọ̀, láìjẹ́ pé wáyà gbóná jù. Ṣùgbọ́n ṣájà tó lè fún un ní 350 kW ni Hyundai ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ 18 yẹn, kì í ṣe èyíkéyìí tí ẹ bá ṣáà ti rí.

Èmi ni mo fojú ara mi rí i. A yá Ioniq 5 fún ọjọ́ méjì, a gbé e jìnnà. Mo dé ibi ṣájà kan tí wọ́n kọ 350 gàdàgbà sí lára. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo gbé fóònù láti fi ka àkókò, bí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. 64 kW ló ń wọlé. Mo yọ ọ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́. 61. Ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi ni mo rí i pé ọkọ̀ mìíràn ti wà lára ẹ̀rọ kan náà, àwa méjèèjì là ń pín iná ọ̀hún. Òtútù tún mú gan-an lọ́jọ́ náà, bátìrì tó bá tutù kì í sì í gba iná kíákíá. Ìṣẹ́jú 47 la lò níbẹ̀. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo aago rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá rí i pé mo ń wo òun.

Látàrí èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà bóyá ọkọ̀ ọdún tí ẹ fẹ́ rà lè mú bátìrì rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó dé ibi ṣájà. Ẹ má sì fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 80% ṣèdájọ́ ọkọ̀ kankan. Bí ẹni ń rọ omi sínú ìgò ni, bó bá ti ń kún dé ọrùn, ẹ óò dín ọwọ́ kù kó má baà dà sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ oníná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbi ṣájà ojú ọ̀nà yìí, mo gbà fún ọkọ mi pátápátá. Ẹ̀rọ Supercharger ti Tesla, ẹ ki wáyà bọ ọkọ̀, ó ṣe tán. Kò sí káàdì, kò sí pé ẹ ń wá áàpù kan tí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ibi tí ẹ óò ti dúró, tó ń mú bátìrì gbóná sílẹ̀. Láwọn ibì kan, Tesla ti ṣí ẹ̀rọ wọn fún ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n àléébù méjì ló wà fún Ioniq 5 níbẹ̀. Wáyà wọn kúrú, ihò ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n sì ṣe é fún, nítorí náà ẹ lè gba àyè ẹni méjì kí ẹ tó rí i kì bọ̀ ọ́, kí àwọn èèyàn sì máa fojú burúkú wò yín. Èkejì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà kò dé 800 fólítì, nítorí náà ìṣẹ́jú tó ń wù mí yẹn á lọ sókè sí nǹkan bíi 30. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà lẹ ń gbé, tí ẹ̀rọ Tesla sì pọ̀ lójú ọ̀nà yín, ẹ dẹ́kun kíka èyí, ẹ lọ ra Model Y.

Ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ ṣe lè rìn jìnnà tó, ibẹ̀ ni mo ti mú ọkọ mi. Ó ní Model Y Long Range ń rin 533 kìlómítà, Ioniq 5 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ ń rin 428 péré. Nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà, àwọn ọkọ̀ ọdún 2023 ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n WLTP tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ló fi wọn tirẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n EPA ti Amẹ́ríkà, tó máa ń há ju ìyẹn lọ, wọn tèmi. Ìgbà tí a wọn méjèèjì ní WLTP, Ioniq 5 di 481. Ìdajì àríyànjiyàn náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó búra pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Síbẹ̀, Model Y ló ń ṣọ́ iná lò jù, pàápàá lójú ọ̀nà tí èèyàn ti ń sáré, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ẹ tún wo táyà: èyí tí irin rẹ̀ tóbi jù, tó ń wu ojú, ló ń jẹ iná jù. A mú irin íńṣì 19, a fi 20 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò.

Màmá mi ló fi ara wọn dá ẹjọ́ tó kù. A ní kí wọ́n bá wa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn Ioniq 5 jẹ́ mítà 3 gééré, ó ju ti Model Y lọ, bẹ́ẹ̀ Model Y gan-an ló gùn jù lápapọ̀. Màmá mi ò mọ ìyẹn. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ò fún mi lórúnkún." Nínú Model Y, wọ́n gbé orí sókè wo òrùlé gíláàsì, wọ́n ní ta ló sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ máa yá oòrùn. Àmọ́ nígbà tó kan ẹrù, Model Y na Ioniq 5 lẹ́gba. Búùtù rẹ̀ jinlẹ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú gba ẹrù 117 lítà. Ti Ioniq 5 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ jẹ́ lítà 24. Wáyà ṣáàjì la ń kó síbẹ̀, ó sì ti kún.

Model Y kò ní nǹkan kan níwájú awakọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, afẹ́fẹ́ tútù, títí dórí pọ̀ọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tí à ń kó ìwé sí, ojú sikirínì kan ṣoṣo tó wà láàárín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ títí dé àyè kan. Èmi fẹ́ bọ́tìnnì tí ọwọ́ mi lè wá kàn láìwò ó. Kò sí ẹni tó jàre nínú èyí, ara kálukú ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹni tó ń tajà á fi mú yín yí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ po kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ara tiyín. Ẹ yá a sùn mọ́jú.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ọdún tí wọ́n ṣe é ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ọdún 2024 ni Hyundai ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàtúnṣe Ioniq 5 tí wọ́n fi wáípà sí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn Model Y kan tí wọ́n ṣe ní Shanghai ń lo bátìrì LFP, èyí tí a lè máa ṣáàjì kún dé 100% déédéé. Àwọn bátìrì yòókù, ó dára kí wọ́n má kọjá 80% lójoojúmọ́ àyàfi tí ìrìn àjò bá wà. Ẹ béèrè irú èyí tó wà nínú tiyín, kí ẹ sì ka ìwé ìdánilójú bátìrì náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣèlérí fún ọdún 8 pé iye iná tí bátìrì lè gbà kò ní wálẹ̀ kọjá 70% ti ìgbà tó wà ní tuntun, iye kìlómítà ló yàtọ̀.

Ioniq 5 la rà. Ọkọ mi kò tíì dẹ́kun yíyí ọrùn bí Model Y bá kọjá lára wa, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lóṣù tó kọjá, iná lọ ní gbogbo àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́, kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ioniq 5 lè fún èèyàn ní iná tó 3.6 kW padà láti inú bátìrì rẹ̀, ohun tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní tí ọkọ mi ń pè ní nǹkan ìṣeré. Mo wà lókè, mò ń wá tọ́ọ̀ṣì, ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fa wáyà gba ojú fèrèsé lọ sídìí fíríìjì. Iná fíríìjì tàn. Ó rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Wáyà yìí dé dáadáa o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.