Òun ń ka oṣù

Nínú dánfó láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì méjì jókòó níwájú mi, wọ́n ń jiyàn lórí Arrow of God, ìwé ìtàn Chinua Achebe. Ọ̀kan ní Ezeulu ló jàre. Èkejì pòṣé. "Ó jàre kẹ̀? Ebi ń pa àwọn èèyàn, òun ń ka oṣù."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Iṣẹ́ kò burú. Mo ra iṣu bọ̀. Iná ò sí.

Òun ń ka oṣù. Ọmọ yẹn ò kúkú parọ́. Àlùfáà Ulu, òrìṣà ìlú Umuaro, ni Ezeulu nínú ìwé náà. Iṣu méjìlá ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, bí oṣù tuntun bá ti lé, á jẹ ọ̀kan, ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán ló máa kéde ọdún iṣu tuntun kí ìlú tó lè wa iṣu. Òyìnbó ní kó wá joyè, ó kọ̀, wọ́n sé e mọ́ Okperi, ibi tí òfíìsì ìjọba wọn wà, títí oṣù méjì fi lé tí kò rí iṣu kankan jẹ. Nígbà tó délé, ó ní iṣu òun ṣì kù, àkókò ò tíì tó. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ èyí tó kù, pé bí ohunkóhun bá tìdí ẹ̀ yọ, orí àwọn ni kó wà. Ó kọ̀. Iṣu há sínú ilẹ̀. Ni Goodcountry, tíṣà ìjọ, bá ní kí ẹni tó ń bẹ̀rù Ulu mú iṣu tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run àwọn á dáàbò bò ó.

Bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe borí nìyẹn. Wọn ò fi ìwàásù ṣe é rárá, ebi ló bá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti há sí kọ́ nìyẹn. Bàbá yẹn ń bínú. Nígbà tó wà ní Okperi ló ti ń ro bó ṣe máa san án fún àwọn ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n dá a dá òyìnbó. Ṣé Ulu ni ò jẹ́ kó jẹ iṣu, àbí inú tó ń bí i? Mo ti ka ìwé náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá òun náà ò rí i.

Bọ̀ọ̀dá mi ló fún mi ní Things Fall Apart, ìwé Achebe mìíràn, nígbà tí mo wà ní JSS 3. Ó fẹ́ràn Nwoye, ọmọ Okonkwo tó lọ di onígbàgbọ́. Ó ní ìwàásù kọ́ ló mú ọmọ yẹn, orin ni, torí wọ́n ti pa Ikemefuna, ọmọ tó ń bá wọn gbélé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti gbọ́ igbe àwọn ìbejì tí wọ́n gbé jù sígbó, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mo gbà nígbà náà. Mo ṣì gbà, kí n má parọ́. Àwa tá a ń pariwo àṣà, ta ló máa gbé ìbejì yẹn padà wálé?

Síbẹ̀, Enoch náà wà nínú ìwé kan náà, onígbàgbọ́ tó ṣí egúngún wọn lójú ní gbangba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ohun tí mo kọ síbí lóṣù kẹta mọ ìdí tí orúkọ yẹn fi ń bí mi nínú. Mi ò ní tún ìtàn ẹ̀kú Bàbá sọ.

Ẹ má tiẹ̀ sọ fún mi pé òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ dé o. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ló darí àwọn míṣọ́nnárì lọ sí Onitsha ní 1857. Ogidi ìlú Achebe ò jìnnà síbẹ̀, bàbá tiẹ̀ gan-an sì ṣiṣẹ́ fún ìjọ. Ta ni mo wá ń bínú sí...

Ní Mbanta, nínú Things Fall Apart, àwọn ará ìlú fún àwọn onígbàgbọ́ ní igbó burúkú kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, àwọn ará ìlú wá jókòó, wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa kú. Ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò kú. Wọ́n kà á dé ọjọ́ 28, ọ̀sẹ̀ ọjà méje, wọn ò kú. Gbogbo èèyàn ṣáà ń kà.

Màámi pè lálẹ́. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá béèrè mi. Mo ní kí ló dé tí kò fúnra ẹ̀ pè mí, oṣù keje rèé. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ọ. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"O ti jẹun?"

Mo ní rárá mà, iṣu ṣì wà lórí iná. Iná gáàsì o, tìjọba ò tíì dé.