Tecsun ni mo padà rà

Oṣù mẹ́ta ni mo fi rò ó: láti máa gbọ́ rédíò ìgbì kúkúrú (shortwave), ṣé kí n ra SDRplay RSP1A, àpótí kékeré tó ń gba ìgbì rédíò, tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ni, àbí Tecsun S-2000, rédíò orí tábìlì gidi? Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní RSP1A rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi wú! Ó lè fi ìgbì rédíò tó fẹ̀ tó 10 MHz hàn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan á tò bí òwú lára aṣọ òfì. Èyí tó bá wù ọ́ ni wàá tẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bí mo bá ti ki ṣájà kọ̀ǹpútà bọ iná báyìí, ariwo á bo gbogbo rẹ̀, ṣàà, bí ìgbà tí èèyàn da àkàrà sínú epo gbígbóná. Bí mo bá yọ ọ́, Voice of Nigeria lórí 7255 kHz á mọ́ kedere, àmọ́ bátìrì kọ̀ǹpútà mi kì í tó wákàtí méjì.

Bátìrì ńlá mẹ́rin ni Tecsun ń lò ní tiẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ò tíì dún, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Màá rọra máa yí i títí ohùn BBC á fi wọlé láti erékùṣù Ascension nínú òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ẹ̀rọ tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ wà. Owó rẹ̀ ju ti RSP1A lọ dáadáa, mi ò sì kábàámọ̀.