Ìwé ilẹ̀ màmá àgbà

Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sábúlé wọn lẹ́bàá Cluj, ní Ròmáníà. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá ìyá rẹ̀, ẹnu yà wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n tú ìwé ilẹ̀ wọn jáde látinú ọ̀rá, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìjọba Kọ́múníìsì ló gba oko bàbá wọn kí ọdún 1962 tó parí. Òfin 18 ti 1991 ló dá a padà, àmọ́ ní tóóró tóóró: ọ̀kan lẹ́yìn odò, òmíràn létí títì. Tírákítà ò ráyè yí níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni àgbẹ̀ nílò. Màmá bu erùpẹ̀ dúdú sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì pa ọwọ́ mi dé.